Iná Inú Hẹlikópítà àti Ẹ̀mí Awakọ̀ Rẹ̀

Àgbà tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn hẹlikópítà fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ará yòókù ni í tètè gbọ́n.

Ní ọdún 1939 ni Igor Sikorsky kọ́kọ́ gbé hẹlikópítà rẹ̀, VS-300, kúrò nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun Vietnam fi gbóná, irú èyí tí wọ́n ń pè ní UH-1 ti di ẹṣin àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà. Òun ni ó ń kó wọn lọ sójú ìjà, òun náà ni ó sì ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ bọ̀. Ibẹ̀ ni àléébù ńlá kan ti hàn sí gbangba. Awakọ̀ lè yè nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá já lulẹ̀, kí iná sì pa á kí ó tó ráyè jáde. Ohun tí ó ń fà á ni pé táńkì epo a máa bẹ́, páìpù a sì máa já. Epo a tú sára ẹ́ńjìnì gbígbóná, iná a sì sọ.

Láàrin ọdún 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí ògbólógbòó hẹlikópítà já lulẹ̀ ní Arizona, kí wọ́n lè rí ibi tí epo ń gbà jáde. Èso iṣẹ́ wọn ni táńkì rọ́bà líle tí kì í ya bọ̀rọ̀, àti ìsopọ̀ páìpù tí ó ń dé ara rẹ̀ pa bí ó bá já. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sínú UH-1H tuntun. Wọ́n tún fún àwọn awakọ̀ ní aṣọ Nomex, tí iná kì í tètè ràn. Láti ìgbà náà ni ikú iná ti dín kù jọjọ láàrin àwọn ológun.

Kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá já nìkan ni ewu wà. Nígbà tí wọ́n bá ń tan ẹ́ńjìnì lórí ilẹ̀, epo lè pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kí ooru kọjá ààlà, kí iná sì máa yọ láti ẹnu ihò èéfín. Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ yóò dá epo dúró lójú ẹsẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa yí lásán kí afẹ́fẹ́ lè lé iná náà jáde. Bí ó bá di dandan kí ó sá jáde, kò gbọdọ̀ gbàgbé abẹ̀bẹ̀ tí ń yí lórí ọkọ̀, nítorí ẹni tí ó sá fún iná lè bọ́ sẹ́nu irin.

Àwọn ọkọ̀ aráàlú kò tètè jàǹfààní ọgbọ́n táńkì yìí. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1994 mú àwòṣe tuntun nìkan. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fi àwòṣe àtijọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2015, hẹlikópítà agbáláìsàn kan já lulẹ̀ ní Frisco, ní Colorado; iná gbà á, awakọ̀ rẹ̀ sì kú. Ní 2018 ni wọ́n tó ṣòfin pé gbogbo hẹlikópítà tí wọ́n bá ṣe láti oṣù kẹrin ọdún 2020 gbọ́dọ̀ ní ààbò yìí.

Àádọ́ta ọdún ni ó wà láàrin 1970 sí 2020. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, ẹ̀mí ènìyàn ni yóò fi san owó ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.