Bí Wọ́n Ṣe Ń Dín Owó Iná Mànàmáná Kù Níbi Iṣẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, fi kún owó tí àwọn oníbàárà ìpele Band A ń san. Yúníìtì kan tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi náírà 68 tẹ́lẹ̀ di náírà 225, kí wọ́n tó dín in kù sí náírà 206.80 ní oṣù karùn-ún. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, èyí tó sọ jẹnẹrétọ̀ náà di ẹrù wúwo. Ọ̀pọ̀ aránṣọ, agẹrun, òǹtẹ̀wé àti onílé iṣẹ́ kéékèèké ló ń rí i pé owó iná ń gbé èrè wọn lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn mọ bí mítà ṣe ń kà. Ẹ mú iye wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ẹ fi iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Yúníìtì ni ẹ rí yẹn. Bí gílóòbù àtijọ́ mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60 bá tàn fún wákàtí 8, yúníìtì 4.8 ni wọn yóò jẹ. Gílóòbù LED mẹ́wàá oníwáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tàwọn yẹn dọ́gba, kò ní jẹ ju yúníìtì 0.72 lọ. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ náírà 200, náírà 960 ni ti àkọ́kọ́ lójúmọ́, náírà 144 sì ni ti èkejì. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 22, ìyàtọ̀ náà jẹ́ náírà 17,952. Ìdí rẹ̀ ni pé wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù àtijọ́ gbọ́dọ̀ gbóná janjan kó tó lè mọ́lẹ̀; ooru ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà.

Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń mú nǹkan gbóná ló ń jẹ iná púpọ̀. Kẹ́tù oníwáàtì 2,000 yóò jẹ yúníìtì kan gbáko láàárín ìṣẹ́jú 30, nítorí náà, ìwọ̀n omi tí wọ́n fẹ́ lò nìkan ló yẹ kí wọ́n sè. Aránṣọ tó bá kó aṣọ jọ, tó sì lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, yóò jèrè ju ẹni tó ń gbé áyọ́ọ̀nù kaná nígbà gbogbo.

Ní ti ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n máa fọ asẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kó tutù kọjá bó ṣe yẹ. Bí fáànù bá tó, kò sídìí láti tan amúlétutù. Ní ti kọ̀ǹpútà, àwòrán tó ń rìn lójú rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó kì í dín iná kù; pípa á ló ń dín in kù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé bí iná bá lọ, àwọn òṣìṣẹ́ a ti ilẹ̀kùn, wọn a sì gbàgbé súwíìṣì. Nígbà tí iná bá dé lóru, ohun gbogbo yóò máa ṣiṣẹ́ di òwúrọ̀. Kì í ṣe owó nìkan lèyí ń jẹ. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé bẹ́ẹ̀ lè jó ṣọ́ọ̀bù kanlẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa gbogbo súwíìṣì kí wọ́n tó kúrò, kó sì kọ iye tó wà lójú mítà sílẹ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ ńlá kò yẹ fún fáànù kan àti gílóòbù méjì, nítorí yóò máa fi epo ṣòfò. Ibi yòówù kí wọ́n gbé e sí, kó má jẹ́ inú ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí owó iná ṣe ń wọlé jẹ èrè nìyẹn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì lè gbà lé e jáde.