Ta Ni Yóò Dá Ọmọ Lóhùn? Àgbéyẹ̀wò Ètò Ààbò Ọmọdé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ọjọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò

Ìfáàrà

Ọjà Alábà International tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ jẹ́ ọ̀kan lára ọjà ẹ̀rọ tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti fóònù tòkunbọ̀ ti ń wọ ilé olówó àti ilé mẹ̀kúnnù. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983 nígbà ìṣèjọba Lateef Jakande. Bí a bá sì gba òpópónà Bàdágìrì síwájú sí i, a ó dé Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti di yunifásítì lọ́dún 2022. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló dúró sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkokomáíkò ni wọ́n ṣètò pé yóò dé. Íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ká wá sọ pé ìyá kan ní Ìbà jí lóru, ó bá ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́rìnlá níbi tó ti ń sunkún. Ẹnì kan tí ọmọ náà kò rí sójú rí ló tàn án gba àwòrán ìhòòhò rẹ̀, tó sì ń bèèrè owó kó má baà fi í han ayé. Ilẹ̀kùn ta ni ìyá yìí yóò kàn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ tọ pinpin.

Iṣẹ́ tí ibùdó ààbò ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe níbòmíràn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UK Safer Internet Centre ti wà láti ọdún 2011. Àjọ mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ gbé e ró. Childnet International ń bá àwọn ọmọ àti òbí sọ̀rọ̀. SWGfL ń gba ìpè àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ ń dà láàmú. Internet Watch Foundation, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1996, ni ó ń wá àwòrán ìbàjẹ́ tí wọ́n ya àwọn ọmọdé rí, tó sì ń rí i pé wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ohun tó wú mi lórí nínú ètò yìí ni pé wọn kò fi ẹ̀kọ́ nìkan mọ. Bí a bá kọ́ ọmọ pé kó ké tí ewu bá dé, tí kò wá sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe náà, a ti tan ọmọ náà.

Ohun tí Nàìjíríà ní

Òfin kò wọ́n wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, ti 2015, sọ ní abala 23 pé ẹni tó bá ṣe tàbí tó pín àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10, tàbí kó san 20 mílíọ̀nù náírà, tàbí kó jẹ méjèèjì. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ní kí iléeṣẹ́ gba àṣẹ òbí kó tó kó ìsọfúnni ọmọ jọ. Lọ́dún 2021, ìjọba Èkó fi òfin gbé àjọ tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀ kalẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí DSVA.

Ní ti kíkọ́ ènìyàn bí a ṣe ń yẹ ìròyìn wò, orílẹ̀-èdè wa kò gbẹ́yìn rárá. Ní Abuja ni ayé ti péjọ lóṣù kẹfà ọdún 2013 láti dá ẹgbẹ́ alájọṣepọ̀ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Abuja kan náà ló gba ọ̀sẹ̀ àgbáyé ti UNESCO lórí rẹ̀ lálejò ní 2022. Àjọ AFRICMIL ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 2008, ìjọba àpapọ̀ sì ti gbé ètò ilé-ẹ̀kọ́ kan fún iṣẹ́ náà kalẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn UNESCO.

Gbogbo èyí dára, mi ò sì fojú kéré iṣẹ́ àwọn tó ṣe é. Àìsàn tó wà níbẹ̀ ni pé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oògùn náà wà: òfin ń bẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀kọ́ ń bẹ ní Abuja, ìtọ́jú ń bẹ lọ́dọ̀ DSVA, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyá tó wà ní Ìbà kò lè to ó pọ̀ lóru ọjọ́ kan.

Òye ìròyìn àti àrokò

Àwọn òǹkọ̀wé máa ń sọ ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń yẹ ìròyìn wò bí ẹni pé àjèjì ni lọ́dọ̀ wa. Mo pè é ní òye ìròyìn, mo sì gbà pé àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ rántí àrokò, ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn láìsọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì kojú síra, ọ̀rẹ́ ni. Bí wọ́n bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Owó ẹyọ mẹ́fà dúró fún pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tó gbà á. Ẹni tí àrokò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í wo owó ẹyọ nìkan. Yóò wo ẹni tó gbé e wá, yóò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, yóò sì ro ohun tí olùránṣẹ́ fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Owó ẹyọ mẹ́fà ni “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” tí àjèjì ń kọ sí ọmọbìnrin orí Instagram. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojú ẹni tó gbé e wá pamọ́. Bí a bá fi àrokò ṣàlàyé fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkokomáíkò, yóò yé e kíá, yóò sì lè sọ ọ́ fún ìyá àgbà rẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n Ògù, Ìgbò àti Haúsá ń bá wa gbé. Èdè tiwọn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ibi tí Ọjọ́ ti yàtọ̀

Fóònù tòkunbọ̀ kì í sábà jẹ́ ẹrù ọmọdé nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Bàbá lò ó, ẹ̀gbọ́n lò ó, kó tó dé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, orúkọ àti ọjọ́ ìbí àgbàlagbà ṣì lè wà nínú rẹ̀. TikTok àti Instagram ní kí ọmọ pé ọdún 13 kó tó wọlé, àmọ́ ọjọ́ ìbí tí ènìyàn bá tẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà gbọ́. Nítorí náà, mo rò pé ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ ká kọ́ ni ẹni tó ń ta fóònù àti ẹni tó ń tún un ṣe ní Alábà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un láti pa orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ rẹ́, kó sì ṣí ètò ìṣọ́ òbí kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì nira láti sọ, ṣùgbọ́n àìsọ rẹ̀ ló burú jù. Lóṣù kẹta ọdún 2022, Jordan DeMay, ọmọ ọdún 17 ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, gbẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn tó díbọ́n bí ọmọbìnrin lórí Instagram ló gba àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ń fi í halẹ̀ mọ́ ọn fún owó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì láti Èkó ni wọ́n. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀. Nítorí náà, ibùdó ààbò tí a bá dá sílẹ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ dáàbò bo ọmọ tí wọ́n lè ṣe léṣe, kó sì tètè dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tí àwọn onímàgòmágó ń fi Yahoo, ìyẹn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàn kó tó kó sínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn ọ̀daràn ń gbà mú ọmọ Michigan àti ọmọ Ìbà. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ń bẹ̀rù ilé. Bí bàbá bá ti sọ pé “ọjọ́ tí mo bá rí nǹkankan lórí fóònù yẹn, màá nà ọ́ pa,” ó ti ti ẹnu ọmọ rẹ̀ pa. Àwọn òbí wa ń fi ìfẹ́ ṣe é, mo mọ̀. Síbẹ̀, ọmọ tó lè sọ fún ilé lálẹ́ ọjọ́ kìíní kò ní san owó lọ́jọ́ kejì.

Mo ń bẹ LASU, yunifásítì tó wà ní Ìjànikin, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìbà àti àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà Alábà pé kí wọ́n ṣí yàrá kan ṣoṣo, tí yóò ní ẹni tó gbọ́ èdè àdúgbò, tí yóò sì mọ ọ̀nà DSVA àti ti ọlọ́pàá. Kí ìyẹn tó dé, òbí tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé bá kò gbọdọ̀ sanwó fún ọ̀daràn náà, kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ tó kọ ránṣẹ́ rẹ́, nítorí ẹ̀rí ni. Nọ́ńbà DSVA ni 08000 333 333. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà.