Fulọrẹ́sẹ́ǹtì tó ń tàn, tó ń kú: iṣẹ́ tí ṣóòkù ń ṣe kí ilé má baà jóná

Ohun tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán títí dé Èsìẹ́, ni kí wọ́n mú iná lọ, kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbàgbé láti pa súìṣì, kó ti ilẹ̀kùn, kó sì gba ilé lọ. Bí iná bá dé lóru, tó sì jẹ́ fulọrẹ́sẹ́ǹtì tó ti gbó ló wà lókè àjà, yóò máa tàn, yóò máa kú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣóòkù nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

Báláàsì ni wọ́n ń pe ṣóòkù nínú ìwé. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin ni. Afẹ́fẹ́ àti mẹ́kúrì díẹ̀ ló wà nínú ọ̀pá fulọrẹ́sẹ́ǹtì. Bí iná bá ti ráyè gba inú rẹ̀ kọjá, ńṣe ni ọ̀nà túbọ̀ ń là fún un. Bí kò bá sí ṣóòkù tó ń kó iná 230 fóòltì níjàánu, kíá ni ọ̀pá náà yóò bàjẹ́ tàbí kí fíúsì já.

Oògùn kan wà lára wáyà kéékèèké tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá méjèèjì, òun ló ń mú kó rọrùn fún iná láti ta. Bí oògùn yìí bá tán ní apá kan, etí ọ̀pá yóò dúdú, iná yóò sì máa gba apá kan kọjá ju èkejì lọ. Èyí ló ń mú ṣóòkù gbóná kọjá ààlà. Sítátà náà kò ní í sinmi, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí bí fóòltì bá lọ sílẹ̀ jù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń dènà ewu yìí. Àwọn ṣóòkù kan ní ohun tó ń já iná nínú wọn bí ooru bá pọ̀ jù. Àwọn sítátà kan máa ń ṣíwọ́ fúnra wọn, a ó sì tẹ bọ́tìnnì wọn lẹ́yìn tí a bá ti pààrọ̀ ọ̀pá. Ẹ̀kẹta ni ṣóòkù ẹlẹ́kitirọ́níìkì, èyí tó ń mọ̀ pé ọ̀pá ti ń kú lọ, tí yóò sì pa á. Ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀pá tín-ín-rín, nítorí gíláàsì rẹ̀ súnmọ́ ibi tó ń gbóná, ó sì lè sán. Kì í ṣe gbogbo ọjà olówó pọ́ọ́kú ló ní ààbò wọ̀nyí.

Nítorí náà, ẹ pa súìṣì bí iná bá ti ń ṣẹ́jú, kí ẹ pààrọ̀ ọ̀pá àti sítátà. Bí ṣóòkù bá ń rùn tàbí tó ń kùn, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má ṣe fọ́ ọ̀pá tó ti kú, nítorí májèlé ni mẹ́kúrì. Ní ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata fẹnu kò pé ṣíṣe fulọrẹ́sẹ́ǹtì àti kíkó o wọ̀lú gbọ́dọ̀ dópin kí ọdún 2027 tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá LED rọ́pò rẹ̀, kó bi oníṣẹ́ iná bóyá ó yẹ kí wọ́n yọ ṣóòkù kúrò.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀pá tí etí rẹ̀ ti dúdú ti sọ tirẹ̀.