Ẹja Tí Ń Tàn Lóru

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹja. Ìtàn ni mo bá wá. Ní ìgbà èwe mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá mi àgbà wọ ilé ìdáná lóru, ó sì bá ẹja òkun tí a rà lọ́jà tí ó ń tàn bí tanná-tanná nínú àwo. Ó figbe ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja náà ti di ará igbó ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwa ọmọdé pé a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta.

Irú ẹ̀rù kan náà ba ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní ilé Robert Boyle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1672. Ẹran ọmọ màlúù ni ó ń tàn níbẹ̀. Boyle ti fẹ́ lọ sùn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé ẹran náà wá sí yàrá òun. Ó ti mọ nǹkan díẹ̀ ṣáájú: ní 1668 ni ìwé rẹ̀ jáde lórí igi àti ẹja tí ń tàn. Ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ kúrò lára igi náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kú. Ó dá afẹ́fẹ́ padà, ìmọ́lẹ̀ náà sì padà. Ní ilé tiwa, wọ́n gbé e sọnù. Ní ilé tirẹ̀, wọ́n gbé e wọlé.

Ó lé ní igba ọdún kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń tàn. Beijerinck, ará Họ́láǹdì, sọ wọ́n ní Photobacterium ní 1889. Ní 1900, Dubois kó wọn sínú ìgò, ó sì fi wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá kan níbi ìpàtẹ ńlá Paris. Ní 1970 ni Nealson, Platt àti Hastings fi hàn pé bí wọ́n bá kéré níye, wọn kì í tàn. Olúkúlùkù ń tú èròjà kan sínú omi, ìgbà tí èròjà náà bá pọ̀ tó ni gbogbo wọn ń tàn pọ̀. (Ẹ má fi òwe àgbájọ ọwọ́ dá mi lóhùn, mo ti gbọ́ ọ.)

Èmi náà dán an wò ní ilé mi, láìní yàrá àyẹ̀wò. Ẹja Ìwopin ni mo kọ́kọ́ rà. Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó nínú òkùnkùn. Òórùn nìkan ni mo rí gbà. Àṣìṣe mi ni: ọ̀sà Lẹ́kí tí Ìwopin wà létí rẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò wọ̀nyí sì ń fẹ́ iyọ̀. Mo wá ránṣẹ́ sí etí òkun, ní Ògùn Waterside kan náà. Mo po 30 gíráàmù iyọ̀ mọ́ lítà omi kan, mo tẹ́ ẹja tí a kò fọ̀ sínú rẹ̀ kí ìhà kan yọ lókè omi, mo sì gbé e síbi tí ó tutù. Ní òru kejì, nígbà tí ojú mi ti mọ́ òkùnkùn lára, mo rí àmì kéékèèké aláwọ̀ ojú ọ̀run. Mo fi abẹ́rẹ́ tí mo ti yọ nínú iná mú ọ̀kan, mo gbìn ín sínú omi ẹja oníyọ̀. Bí ìgò náà bá dúró jẹ́ẹ́, ìmọ́lẹ̀ a lọ sílẹ̀. Bí mo bá mì ín kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, a tún tàn.

Èmi àti irú mi ti kọ ojú ìwé àìníye lórí iwin inú igbó, a kò sì bi ìyá alẹ́ja kan léèrè ọ̀rọ̀ rí. Mo lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí irú rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú. Àgbà inú wọn ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí á má tajà mọ́ ni? Omi kànga la fi ń ṣàn án kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi òkun kì í pa á.”

Nígbà tí mo délé, mo da omi kànga sórí ẹja kan nínú àwọn tí ń tàn. Kò pẹ́ tí ó fi kú.