Àpérò Àwọn Olùkọ́ àti Ètò Ẹ̀kọ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́ta péré ni àṣà tẹ́lẹ̀. Ìwé kò sí nílẹ̀; nítorí náà ni àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ èdè fi jókòó ní àpérò, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ tuntun. Àbájáde fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti 1977 fi èdè abínibí mọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti èdè.