Wúrà Ọdún 1936 àti Ṣòkòtò Àgbàwọ̀: Ìtàn Ikọ̀ Họ́kì Orí Yìnyín Ilẹ̀ Brítéènì

Ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ní ìlú Košice ní orílẹ̀-èdè Slofákíà, ilẹ̀ Faransé ti fi góòlù mẹ́ta sí òdo ṣáájú ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ilẹ̀ Brítéènì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni Brítéènì ti gbá ṣáájú ọjọ́ náà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n sì ti fìdí rẹmi. Jámánì nà wọ́n ní 3–1, Dẹ́ńmáàkì nà wọ́n ní 9–0, Amẹ́ríkà 6–3, Kánádà 8–0, Slofákíà 7–1, Fínlándì 5–0. Ẹni tí ó bá pàdánù láàárín Brítéènì àti Faransé ni yóò já kúrò ní ìpele àgbà, níbi tí orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún péré ti ń figa gbága. Díẹ̀díẹ̀ ni Brítéènì dá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Nígbà tí eré wọ àfikún àsìkò, Ben Davies, ọmọ ìlú Cardiff, gbá ẹ̀kẹrin wọlé.

Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, tí ó sì rí bí wọ́n ti ń fò sókè, yóò rò pé ife-ẹ̀yẹ ni wọ́n gbà. Wọn kò gba ife kankan. Ẹ̀tọ́ láti wà ní ìpele náà fún ọdún kan sí i ni wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni ó mú ẹ̀yìn Kánádà balẹ̀ ní ọdún 1936, tí ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì. Kí ni ó sọ aborí ayé di ẹni tí ń yọ̀ nítorí pé kò já bọ́? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú bí a ti rí wúrà ìjọ́sí.

Eléré mẹ́fà mẹ́fà, aṣọ́lé kan nínú wọn, ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí yìnyín. Bàtà onírin tí ẹnu rẹ̀ mú ni wọ́n ń wọ̀; ọ̀pá ni wọ́n fi ń lé rọ́bà líle pẹlẹbẹ kan kiri fún ìpín mẹ́ta, ogún ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Kánádà, òtútù a máa sọ adágún ẹ̀yìnkùlé di pápá ìṣeré, ọmọdé a sì máa kọ́ eré náà bí ẹni kọ́ ìrìn. Òtútù ilẹ̀ Brítéènì kò le tó bẹ́ẹ̀. Inú ilé ńlá tí ẹ̀rọ ti ń sọ omi di yìnyín ni wọ́n ti ń gbá a níbẹ̀, owó gọbọi ni ilé bẹ́ẹ̀ sì ń gbà. Níbi tí kò bá ti sí ilé yìnyín, kò sí họ́kì.

Bunny Ahearne, ọmọ bíbí ilẹ̀ Áílándì tí ó jẹ́ akọ̀wé àjọ họ́kì ilẹ̀ Brítéènì nígbà náà, mọ èyí dájú. Kò dúró de ọmọ tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ eré. Ó wá àwọn tí wọ́n bí sí Brítéènì ṣùgbọ́n tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kánádà. Glasgow ni wọ́n bí Jimmy Foster aṣọ́lé sí, ìlú Winnipeg ni ó sì dàgbà sí. Kent ni wọ́n bí Edgar Brenchley sí, Niagara Falls ni ó ti kọ́ eré. Percy Nicklin, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ọmọ Kánádà ni. Ní ti Carl Erhardt, balógun ikọ̀ náà, ẹni ọdún 39 ni, Yúróòpù ni ó sì ti kọ́ eré tirẹ̀ ní ìgbà tí ó wà ní ilé-ìwé. Àwọn Kánádà fárí gá pé Foster àti Alex Archer kúrò lọ́dọ̀ wọn láìgba ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí Òlíḿpíìkì yóò fi parí.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 1936, ní Garmisch-Partenkirchen ní ilẹ̀ Jámánì, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé. Láti ọdún 1920 ni Kánádà ti ń gba wúrà họ́kì ní gbogbo Òlíḿpíìkì. Gerry Davey gbá góòlù kan wọlé fún Brítéènì kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó pé. Kánádà dá a padà. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Brenchley gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé, ó di 2–1. Kánádà rò pé àwọn yóò tún bá Brítéènì pàdé ní ìpele àṣekágbá, àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé èsì ọjọ́ náà ni a ó gbé lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Brítéènì gbá ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Amẹ́ríkà lẹ́yìn àfikún àsìkò ìgbà mẹ́ta. Nígbà tí Kánádà borí Amẹ́ríkà ní 1–0, wúrà di ti Brítéènì. Wọ́n tún di aborí àgbáyé àti ti Yúróòpù nínú ìdíje kan ṣoṣo náà.

Àwọn kan ti ń sọ láti ìgbà náà pé Kánádà ni ó gba wúrà náà lábẹ́ aṣọ Brítéènì. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́ tán. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Brítéènì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti gbá eré fún ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí. Ọmọ kọ́ ni Brítéènì yá, ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí ó sọ Foster di Foster wà lórí yìnyín Winnipeg, kì í ṣe ní Glasgow. Ẹni tí a tọ́ sí òkèèrè lè wá gba ife fúnni lónìí, ṣùgbọ́n kò lè fi pápá tí ó ti kọ́ eré sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn ní ilé. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni; rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu.

Àbájáde rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Brítéènì ṣe ipò kejì ní àgbáyé ní 1937 àti 1938, lẹ́yìn náà ni ogun dé. Òlíḿpíìkì ọdún 1948 ni wọ́n lọ gbẹ̀yìn. Àwọn ilé yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Gbọ̀ngàn Harringay ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń wo họ́kì tẹ́lẹ̀, di ibi ìkó-oúnjẹ-pamọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n tì í ní 1958. Ní 1960, líìgì àwọn agbowó-gbáre túká. Ní 1962, Brítéènì fi ìpele àgbà sílẹ̀, wọ́n sì ń já láti orí àkàsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Láàárín àwọn ọdún 1980, ọdún mélòó kan wà tí wọn kò tilẹ̀ kópa nínú ìdíje àgbáyé rárá. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1989, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ 1936 yé ènìyàn dáadáa, nítorí pé ọgbọ́n àtijọ́ náà ni wọ́n tún dá. Àwọn ọmọ Kánádà tí wọ́n ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Brítéènì pọ̀ nínú ikọ̀, gíga wọn sì yá bí ẹni gun àkàbà: wọ́n gba ife ìpele kẹrin ní 1990, ti ìkẹta ní 1992, ti ìkejì ní 1993. Ní 1994, ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n dúró láàárín àwọn àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn ni wọ́n pàdánù, wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn àgbààgbà eléré ọ̀hún fẹ̀yìn tì, àwọn tí yóò rọ́pò wọn kò sì tíì gbó.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n tún lò nísàlẹ̀. Ní 2013, wọ́n tilẹ̀ já wọ ìpele kẹta. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ eré ní Sheffield, Nottingham, Cardiff àti àwọn ìlú mìíràn ń dàgbà. Ikọ̀ tí Peter Russell, ọmọ Skọ́tíláǹdì, kó jọ ṣì ní àwọn díẹ̀ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kánádà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé tọ́ ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gòkè ní Belfast ní 2017. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Budapest, máàkì kan ṣoṣo ni wọ́n nílò lọ́wọ́ Hóńgárì. Góòlù méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi wà lẹ́yìn. Nígbà tí eré kù bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún, Robert Farmer gbá èyí tó sọ ọ́ di 2–2. Hóńgárì borí wọn nínú pẹnáritì lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n máàkì náà ti wọlé. Bí wọ́n ṣe dé Košice nìyẹn.

Ẹ̀rí mìíràn ni Liam Kirk, ọmọ Yorkshire tí Sheffield kọ́ ní eré. Ní 2018, ó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí, tí wọ́n sì kọ́ ní eré ní ilẹ̀ Ẹ́ńgíláǹdì, tí ẹgbẹ́ kan nínú líìgì ńlá Àríwá Amẹ́ríkà yàn. Nínú ìdíje àgbáyé ọdún 2021 ní Riga, góòlù méje ni òun nìkan gbá wọlé.

Òótọ́ ni pé ìjà kò tíì tán. Brítéènì já ní 2022, wọ́n gòkè ní 2023 ní Nottingham lójú àwọn ará ilé wọn, wọ́n tún já ní 2024, wọ́n sì tún gòkè ní 2025. Ẹni tí ó bá wo èyí lérèfé lè sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ikọ̀ òní àti ti 1994. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà. Nígbà tí ti 1994 já, ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí i lókè mọ́. Nígbà tí ti òní já, ọdún kan péré ni ó fi ń padà, nítorí pé àwọn tí yóò gbé e dìde wà nílé.

Kò dájú pé wúrà òmíràn yóò bọ́ sí ọwọ́ Brítéènì láéláé. Síbẹ̀, góòlù Ben Davies ní Košice àti ti Brenchley ní Garmisch kò yẹ ní fífi wé ara wọn pẹ̀lú ìwọ̀n àmì-ẹ̀yẹ nìkan. Ti Brenchley mú wúrà wálé, ilé yìnyín sì ń tì lẹ́yìn rẹ̀. Ti Davies kò mú ju ìdúró ọdún kan wá, ṣùgbọ́n ilé ni ó ti kọ́ ọ.