Orúkọ Tí Ìwé Fi Pe Ènìyàn: Amadi-Ama, Port Harcourt àti Ìtàn Ìsọ̀rí

Amadi-Ama wà létí omi ní ìlú Port Harcourt, lẹ́bàá odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Amadi Creek. Okrika ni àwọn onílùú, Kirike sì ni èdè wọn. Iṣẹ́ ẹja pípa àti òwò orí omi ni a mọ àwọn baba ńlá wọn mọ́. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀, tó gba Trans-Amadi gòkè lọ sí Rumuobiakani, ilẹ̀ Ikwerre ló dé yẹn. Ó ti pẹ́ tí àwọn aládùúgbò méjì yìí ti ń bára wọn nájà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ń bára wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ìjọba àti àwọn olùwádìí ti ń pín wọn sí ìsọ̀rí nínú ìwé, ohun tí ìwé náà sì wí ló di ìmọ̀ tí ará ìta ní nípa wọn.

Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ní agbègbè Enugu. Ìjọba amúnisìn nílò èbúté tí yóò máa gbé e lọ. Ní 1913 wọ́n bá àwọn olóyè Diobu, tí wọ́n jẹ́ Ikwerre, ṣe àdéhùn ilẹ̀, iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Enugu ní 1916. Lugard, gómìnà ìjọba amúnisìn náà, sọ ìlú tuntun tó dìde ní èbúté náà ní orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Iguocha ni àwọn Ikwerre ń pe ibẹ̀ ní tiwọn, àwọn Okrika ń pè é ní Obomotu. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń jà sí ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Níwájú adájọ́, ẹ̀yà tí ènìyàn jẹ́ àti ìtàn bó ṣe tẹ ibẹ̀ dó ni ẹ̀rí tó ń mú wá, nítorí náà ẹni tó kọ ìtàn ẹ̀yà sílẹ̀ ń kọ ẹ̀rí ilẹ̀ pẹ̀lú, ì báà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kó má mọ̀.

Percy Amaury Talbot, ajẹ́lẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé ètò ìkànìyàn ọdún 1921 ní gúúsù Nàìjíríà lé lọ́wọ́. Ní 1926 ó tẹ The Peoples of Southern Nigeria jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́rin. Nínú rẹ̀, abẹ́ Ijaw ni Okrika wà, abẹ́ Ibo, bí wọ́n ṣe ń kọ Ìgbò nígbà náà, sì ni Ikwerre wà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irú ìwé ìkànìyàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Bí ìyá ọkùnrin kan bá jẹ́ Ikwerre, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Okrika, tó ń sọ Kirike nílé, tó sì ń fi Ìgbò ná ọjà, àyè kan ṣoṣo ni akọ̀wé ní láti kọ ẹ̀yà rẹ̀ sí. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Bó bá ti yàn án, ìyókù di ohun tí kò sí, nítorí kò sí nínú àpapọ̀ iye. Bákan náà ni àwa Yorùbá ṣe mọ̀ pé Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ti wà tipẹ́ kí ìwé tó kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan.

Àwọn tó tẹ̀ lé Talbot kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Nígbà tí Daryll Forde àti G. I. Jones, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, kọ ìwé lórí àwọn tó ń sọ Ìgbò àti Ibibio ní 1950, Oratta-Ikwerri, tí wọ́n ka Ikwerre mọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Ìgbò ìhà gúúsù lọ́dọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ṣí ìwé méjèèjì yóò rò pé ẹlẹ́rìí méjì ló sọ ohun kan náà. Èrò tèmi ni pé ibi tí ìmọ̀ nípa àwùjọ ti máa ń ṣìnà jù nìyí: wọ́n ń ka àtúnwí sí ẹ̀rí.

Ìsọ̀rí yìí di ọ̀rọ̀ agbára ní 1957, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ Henry Willink kalẹ̀ láti wádìí ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Láti ìgbà náà ni jíjẹ́ ẹ̀yà kékeré ti di ipò òṣèlú: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun ní láti fi hàn pé ẹ̀yà òun kéré, pé ó dá yàtọ̀, àti pé ẹ̀rù ń bà á. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1958. Wọn kò fọwọ́ sí ìpínlẹ̀ tuntun. Wọ́n ní kí a sọ ilẹ̀ Ijaw di àkànṣe agbègbè tí àjọ ìdàgbàsókè yóò máa tọ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n yọ agbègbè Ahoada, tí ilẹ̀ Ikwerre wà nínú rẹ̀, àti Port Harcourt kúrò nínú rẹ̀, nítorí ilẹ̀ Ibo ni ìròyìn wọn ka méjèèjì sí. Báyìí ni ìlà tí a fà nínú ìwé ṣe ya èbúté kúrò lára àwọn ìlú odò, tó sì sọ Ikwerre di ara ẹ̀yà ńlá láìsí pé wọ́n yàn án.

Howard Wolpe, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí òṣèlú Port Harcourt, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1974. Ó fi hàn pé àwọn tí à ń pè ní Ìgbò nínú ìlú náà kì í dìbò bí ẹni kan: ìlú tí kálukú ti wá àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ a máa pín wọn níyà. Ìsọ̀rí ńlá náà ti bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Rivers dé ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, ogun abẹ́lé sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ogun, àwọn Ikwerre tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni àwọn, wọ́n sì ń fi Rumu kọ orúkọ ìlú wọn dípò Umu ti Ìgbò. Kay Williamson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, àti Otonti Nduka ṣiṣẹ́ nínú ètò Rivers Readers tó tẹ ìwé ìkàwé fún ọmọdé ní àwọn èdè ìpínlẹ̀ náà, tó fi jẹ́ pé Kirike àti Ikwerre wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè tó dá dúró. Àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń ka Ikwerre mọ́ ẹbí èdè kan náà pẹ̀lú Ìgbò títí dòní. Kò sí àtakò nínú èyí: ìbátan èdè jẹ́ ọ̀kan, ẹni tí ènìyàn gbà pé òun jẹ́ jẹ́ òmíràn. Ìwé ìkàwé fún ọmọdé mú nǹkan wá tí ìròyìn Willink kò lè mú wá: ọmọ tó ń ka orúkọ èdè ìyá rẹ̀ lára ẹ̀yìn ìwé.

Ètò ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rárá, nítorí rògbòdìyàn tí irú iye bẹ́ẹ̀ ti dá sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí mìíràn ti ń gbilẹ̀ ní Port Harcourt. Àwọn àdúgbò tó wà létí odò, tí ọ̀pọ̀ wọn dúró lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fọwọ́ ara wọn kún, ni ìjọba kó pọ̀ pè ní waterfront, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn sì ń bá orúkọ náà rìn. Ní oṣù Kẹjọ 2009 ìjọba wó Njemanze, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ará Bundu, àdúgbò etí omi mìíràn, jáde láti kọ ìkànìyàn tí yóò ṣáájú wíwó ilé wọn, nítorí wọ́n mọ ohun tí kíkà náà wà fún. Àwọn ọmọ ológun yìnbọn sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará etí omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù àdúgbò wọn fúnra wọn, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Chicoco, orúkọ ẹrẹ̀ tí wọ́n fi kún ilẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹfà 2014, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ìbọn Bundu, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó pẹjọ́.